Iwájú Ọ̀rọ̀, Ẹ̀yìn Ọ̀rọ̀

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Brest, òjò ń gbá fèrèsé wa létí,
ẹyẹ òkun ń ké lórí òrùlé bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.
Òkè ilé ìfọṣọ ni kíláàsì wa wà,
ooru ẹ̀rọ a máa gba abẹ́ pákó wá bá wa lẹ́sẹ̀.
Màdáàmù Kervella nu pátákó, ó wẹ̀yìn wò wá:
"Èwo ni akọ níbẹ̀? Èwo ni abo?"

Èdè tí wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún ní Kulob
kò bi ṣíbí léèrè rí bóyá ọkùnrin ni.
Òun ni bàbá, òun náà ni ìyá, ẹnu kan náà la fi ń pè wọ́n.
Ṣùgbọ́n níhìn-ín, obìnrin ni tábìlì,
ọkùnrin ni bẹ́ẹ̀dì,
ọkùnrin ni ìgbálẹ̀!
Ìgbálẹ̀ tí n kò rí lọ́wọ́ ọkùnrin kankan láti ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ ṣàpèjúwe wọn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ
kó tó jókòó tì wọ́n:
petit, petite; blanc, blanche.
Vieux dé ọ̀dọ̀ obìnrin, ó di vieille.
Idalina, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, pa ìwé rẹ̀ dé:
"Ẹ gba ìyẹn padà, màdáàmù, ẹ fún mi ní òmíràn."

Bí wọ́n bá ní ká fi nǹkan wé nǹkan,
ilé ni gbogbo wa ń sáré lọ mú ohun tí a ó fi wé e.
Tesfalem ní búrẹ́dì ìyá òun plus bon ju ti ibí lọ.
"Meilleur," ni màdáàmù wí. "Bon kì í gba plus."
"Kí ló ṣẹ̀? Grand ń gbà á, petit ń gbà á."
Ó dákẹ́, ó fi bíírò ha irùngbọ̀n, lẹ́yìn náà ó ní:
"Ó yé mi. Bí nǹkan bá dára kọjá dídára,
kò lè máa jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀."

Doux, douce, doucement:
kí ọ̀rọ̀ tó lè tẹ̀lé iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di obìnrin ná.
Mo rẹ́rìn-ín, n kò sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.
Vite ni ọ̀gá wa ní òtẹ́ẹ̀lì mọ̀ ní tirẹ̀,
vite, tí kì í pààrọ̀ aṣọ nítorí ẹnikẹ́ni.

Ìgbà náà ló kọ ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ bí ẹni mowó:
chambre propre.
Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ sínú rédíò kékeré ìbàdí mi,
yàrá kejìlá, propre; yàrá kẹtàlá, propre;
irun àlejò kò sí nínú agbada mọ́, ìrọ̀rí ti ró ṣánṣán.
"Savrinisso, ẹ gbé e síwájú yàrá, ẹ wò ó."
Ma propre chambre.
Ọṣẹ ti kúrò nínú rẹ̀.
Ó di yàrá tèmi, tèmi gan-an,
tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi, tí ẹnikẹ́ni kò ní kànkùn rẹ̀ ní aago mọ́kànlá.
"Ẹ fi ṣe gbólóhùn."
Mo ní n ó ṣe é nílé.

Nílé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sùn sórí àga gígùn tí mò ń sùn.
Mo gbé ẹsẹ̀ kékeré kan kúrò, doucement, mo jókòó sí etí.
Èémí wa ti bo gíláàsì fèrèsé.
Mo fi ìka kọ propre sí i,
mo fi àlàfo sílẹ̀ níwájú, mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn.
Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ẹsẹ̀ lẹ́tà kìíní.